Àgádágodo Ńlá Inú Linux: Kí Ló Dé Tó Fi Pẹ́ Kí Wọ́n Tó Yọ Ọ́?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, àwọn tó ń kọ Linux yọ àgádágodo kan kúrò nínú rẹ̀. Ọdún 15 ni àgádágodo náà ti wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lùlù fún un ní àdúgbò wa, èmi gan-an ṣì ń kọ́ ìrìn nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí fóònù Android bá wà lọ́wọ́ yín, Linux ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òun ló ń gbé gbogbo ohun tí ẹ ń rí lókè. Ìdí nìyí tí ìtàn yìí fi kàn wá. Ohun tí mo fẹ́ wádìí ni pé, kí ló dé tí àgádágodo tí kò ṣòro láti fi síbẹ̀ fi gba ọdún 15 kí ó tó ṣeé yọ?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí àgádágodo ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ fojú inú wo ìwé alájọ. Owó Ìyá Bọ́lá tó wà nínú ìwé náà jẹ́ ₦5,000. Alájọ ní ọmọ iṣẹ́ méjì, ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ń lò. Ìyá Bọ́lá fún ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ₦2,000. Ní àkókò kan náà, Bọ́lá mú ₦1,000 lọ fún ìkejì ní orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ wo ìwé, ó rí ₦5,000, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Kí ó tó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, ìkejì náà wo ìwé, òun náà rí ₦5,000. Àkọ́kọ́ kọ ₦7,000. Ìkejì pa á rẹ́, ó kọ ₦6,000 lé e. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ ìṣirò, síbẹ̀ ₦2,000 ti rá. Bí ìjà bá dé, àwọn méjèèjì lè búra, òtítọ́ ni wọn yóò sì sọ.

Kernel ni wọ́n ń pe ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Òun ló ń pín ìrántí ẹ̀rọ, òun ló ń ṣọ́ àwọn fáìlì, òun ló ń pinnu iṣẹ́ tó máa lo ọpọlọ kọ̀ǹpútà báyìí àti èyí tó máa dúró. Ìwé alájọ ló kún inú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ fáìlì tó ṣí sílẹ̀ wà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ ìrántí tó ṣẹ́ kù náà wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ohun àjùmọ̀lò. Lójú tiwa, fífi 1 kún nọ́ńbà kan jẹ́ ìgbésẹ̀ kan. Lójú ẹ̀rọ, ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta: kà á, ṣírò rẹ̀, kọ ọ́ padà. Bí ẹlòmíràn bá yọjú sáàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nǹkan lè bàjẹ́. Ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé kì í bàjẹ́ lójoojúmọ́. Ètò lè ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù mẹ́fà, kí ó wá wó lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí, bí wọ́n bá sì tún un dán wò, kò ní wó mọ́.

Ara àwọn tó kọ́kọ́ fi ojú ìmọ̀ ìṣirò wo ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Edsger Dijkstra, tí wọ́n bí ní Rotterdam ní 1930, fẹ́ mọ bí iṣẹ́ méjì tí kò mọ bí èkejì ṣe yára tó ṣe lè jọ ṣe àdéhùn pé ọ̀kan ṣoṣo ni yóò máa wọ yàrá lẹ́ẹ̀kan. Dekker, onímọ̀ ìṣirò tí òun náà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yẹn, ti rí ọ̀nà àbáyọ fún iṣẹ́ méjì. Ní 1965, Dijkstra tẹ ọ̀nà tirẹ̀ jáde fún iye iṣẹ́ yòówù kó jẹ́. Ojú ìwé kan péré ló fi kọ ọ́. (Èyí dùn mọ́ mi nínú, nítorí ojú ìwé mẹ́fà ni wọ́n máa ń ní kí àwa kọ lórí ohun tí kò tó ìdajì rẹ̀.)

Òun náà ló fún wa ní semaphore. Orúkọ náà wá láti ojú irin: ọ̀pá tó máa ń sọ fún awakọ̀ ojú irin pé kí ó dúró tàbí kí ó kọjá, kí ọkọ̀ méjì má baà pàdé lórí irin kan. Semaphore inú kọ̀ǹpútà jẹ́ nọ́ńbà kan. Iṣẹ́ tó bá fẹ́ wọlé á yọ 1 kúrò nínú rẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó máa yọ, á lọ sùn títí ẹni tó wà nínú yóò fi jáde, tí yóò sì dá 1 padà. Dijkstra pe ìgbésẹ̀ méjèèjì ní P àti V, láti inú àwọn ọ̀rọ̀ èdè Dutch tí í ṣe èdè tirẹ̀, títí di òní ni àwọn ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ṣì ń lo lẹ́tà méjèèjì. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, pé ẹni tó ronú ní èdè ìyá rẹ̀ lè fi lẹ́tà èdè náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ó lo semaphore nínú ètò ìṣiṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní THE, èyí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìlú Eindhoven. Ọdún 1968 ni àpèjúwe rẹ̀ jáde.

Dijkstra kò fi mọ síbẹ̀. Ó rí i pé àgádágodo fúnra rẹ̀ lè di ìṣòro. Bí Táíwò bá di ìkòkò mú, tó ń dúró de àdògán, tí Kẹ́hìndé di àdògán mú, tó ń dúró de ìkòkò, ebi ni yóò pa gbogbo ilé. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀, kò sí ẹni tó lè kúrò. Ọ̀rọ̀ tó fi ṣàpèjúwe rẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹni méjì dì mọ́ ara wọn títí ikú fi dé.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ìkòkò àti ìwé àjọ lásán ni mò ń sọ, kí ó gbọ́ ti Therac-25. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ ní ìtànṣán ni, ilé-iṣẹ́ AECL ti ilẹ̀ Kánádà ló ṣe é. Ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀ ní àwọn ohun èlò tó máa ń dá a dúró bí nǹkan bá fẹ́ ṣìnà. Nínú Therac-25, wọ́n yọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n gbójú lé kóòdù. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló kọ ètò ìṣiṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Oríṣiríṣi iṣẹ́ ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ètò yìí, gbogbo wọn jọ ń ka ibi ìpamọ́ kan náà, wọ́n jọ ń kọ sínú rẹ̀, kò sì sí àgádágodo gidi kankan láàárín wọn.

Ní oṣù Kẹta 1986, ní ibi ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan ní ìlú Tyler, ìpínlẹ̀ Texas, obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà tẹ lẹ́tà x níbi tó yẹ kó tẹ e. Ó rí i, ó yára padà sí ibẹ̀, ó tún un ṣe. Iṣẹ́ náà ti mọ́ ọn lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ọwọ́ yíyá yẹn gan-an ni kóòdù náà kò retí. Ẹ̀rọ nílò nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 8 láti to àwọn mágnẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí èèyàn bá ṣe àtúnṣe kí àáyá 8 náà tó pé, apá kan kóòdù á rí àtúnṣe náà, apá kejì kò ní rí i. Ohun gbogbo gún régé lójú gíláàsì, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ, ìdajì rẹ̀ ń ṣe x, ìdajì ń ṣe e. Ìtànṣán tó bá ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ju èyí tí dókítà kọ lọ. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ sọ ni pé Malfunction 54, kò sì sí àlàyé tó nítumọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìlò ẹ̀rọ náà.

Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin, onímọ̀ físíìsì tó wà níbẹ̀ àti obìnrin náà jókòó ti ẹ̀rọ, wọ́n ń tẹ ohun kan náà léraléra, títí wọ́n fi mọ bí wọ́n ṣe lè mú Malfunction 54 jáde bó bá ṣe wù wọ́n. Lójú mi, àwọn méjì yìí ni akọni inú ìtàn náà. Láàárín 1985 sí 1987, jàǹbá ìtànṣán àpọ̀jù 6 tí a mọ̀ ló ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Àwọn kan kú, àwọn mìíràn gbé ọgbẹ́ rẹ̀ kiri. Nancy Leveson àti Clark Turner, tí wọ́n tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1993, kò gbà kí á di gbogbo ẹ̀bi ru àṣìṣe kóòdù kan ṣoṣo. Síbẹ̀, wọ́n fi hàn kedere pé nínú ètò náà, ẹlòmíràn lè yọjú sáàárín ìgbà tí iṣẹ́ kan wo àmì àti ìgbà tó yí i padà. Ìwé alájọ náà nìyẹn.

Kí ni kernel ń ṣe kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀? Fún ìgbà pípẹ́, nǹkan rọrùn, nítorí ọpọlọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní. Nínú Unix àtijọ́, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní 1969, iṣẹ́ tó bá ti wọ inú kernel kì í jẹ́ kí iṣẹ́ mìíràn lé òun jáde. Ó máa parí, tàbí kí ó fúnra rẹ̀ lọ sùn. Ohun tó kù láti ṣọ́ ni ìpè àwọn ẹ̀rọ, bí ìgbà tí dísìkì bá fẹ́ sọ pé òun ti parí iṣẹ́. Fún ìyẹn, kernel á di etí rẹ̀ fún ìgbà kúkúrú, á ṣe ohun tó fẹ́ ṣe sínú ìwé alájọ, á tún ṣí etí. Ọmọ iṣẹ́ kan, ìwé kan. Kò sí ìjà.

Báyìí náà ni Linux ṣe bẹ̀rẹ̀. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Helsinki, ọmọ ọdún 21, ló gbé e jáde ní 1991, orí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ tó ní ọpọlọ kan ló sì ti kọ ọ́. Kò pẹ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà ọlọ́pọlọ méjì, ọlọ́pọlọ mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n kù lówó. Ọmọ iṣẹ́ ti di méjì, gbogbo ìlà kóòdù tí wọ́n ti kọ pẹ̀lú ìrètí pé ẹnì kan ló wà nínú yàrá sì di ohun ìfura. Ohun méjì ni èèyàn lè ṣe. Ó lè yẹ gbogbo kóòdù wò, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó fi àgádágodo kékeré sí ara ìwé alájọ kọ̀ọ̀kan. Tàbí kí ó fi àgádágodo ńlá kan sí ẹnu ọ̀nà kernel, kí ó sọ pé ọpọlọ kan ṣoṣo ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n mú èkejì. Alan Cox láti ilẹ̀ Wales wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà jù, ó sì jáde nínú Linux 2.0 ní oṣù Kẹfà 1996. Big Kernel Lock ni orúkọ rẹ̀, èmi yóò máa pè é ní Àgádágodo Ńlá. Bí ọpọlọ kejì bá dé ẹnu ọ̀nà tó rí i pé wọ́n ti tì í, kì í sùn, ńṣe ló máa ń yí lójú kan, tí yóò máa béèrè pé, "Ṣé ó ti ṣí? Ṣé ó ti ṣí?" títí yóò fi ṣí.

Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ Àgádágodo Ńlá bíi pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. N kò gbà. Ọdún márùn-ún péré ni Linux nígbà náà, àwọn tó sì ń kọ ọ́ kò pọ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí wọ́n tó jẹ́ kí ọlọ́pọlọ méjì lò ó. Pẹ̀lú Àgádágodo Ńlá, Ìyá Bọ́lá kò ní pàdánù owó rẹ̀, ó kàn máa tò pẹ́ ni. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe ìṣirò gbọọrọ kò tilẹ̀ ní mọ̀ ọ́n lára, nítorí ìṣirò lásán kì í sábà wọ inú kernel.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n lára ni ẹni tó ní sáfà. Sáfà tó ń fi ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà kernel: ó ń ka fáìlì, ó ń fi ránṣẹ́, ó tún padà wá. Ní oṣù Kẹrin 1999, ilé-iṣẹ́ Mindcraft gbé èsì ìdíje kan jáde, nínú èyí tí wọ́n fi Linux àti Windows NT sórí kọ̀ǹpútà ọlọ́pọlọ mẹ́rin kan náà. Windows NT na Linux dáadáa. Microsoft ló san owó ìdánwò náà, inú sì bí àwọn onílinux gidigidi, wọ́n ní ojúsàájú ni. Wọ́n tún un ṣe, ohun kan náà ló jáde. Nínú Linux ìgbà yẹn, iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì kò lè pín ara rẹ̀ sórí ọpọlọ mẹ́rin, gbogbo wọn ló ń tò sẹ́yìn ara wọn. Ohun tí mo yìn wọ́n fún ni pé nígbà tí ariwo rọlẹ̀, wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Linux 2.4 tó jáde ní oṣù Kìn-ín-ní 2001 ti tú iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì sí wẹ́wẹ́, ó ti fi àgádágodo kéékèèké sí i. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àgádágodo kéékèèké ní ewu tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kúrò lórí Linux díẹ̀ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn jù lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1997, ọkọ̀ Mars Pathfinder ti NASA balẹ̀ sórí Mars. VxWorks ni ètò ìṣiṣẹ́ rẹ̀, Linux kọ́. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tó ń tan ara rẹ̀ padà. Àgádágodo wà níbẹ̀, wọ́n sì lò ó bó ṣe yẹ. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ ọba ni èyí tó ń darí ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà kọjá nínú ọkọ̀. Iṣẹ́ mẹ̀kúnnù ni èyí tó ń kó ìròyìn ojú ọjọ́ jọ. Iṣẹ́ ìjòyè, tó wà láàárín wọn, ni ti ìbánisọ̀rọ̀. Mẹ̀kúnnù ti àgádágodo, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọba dé, ó ń dúró de àgádágodo náà. Kí mẹ̀kúnnù tó parí, ìjòyè dé, ó ní òun ju mẹ̀kúnnù lọ, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ tó gùn. Mẹ̀kúnnù kò lè parí, kò lè ṣí àgádágodo, ọba sì dúró sẹ́yìn ìjòyè tí kò tó o. Ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tó ń wò ó bóyá ọba ń parí iṣẹ́ rẹ̀ lásìkò. Nígbà tó rí i pé ọba kò parí, ó rò pé ilé ti dàrú, ó pa gbogbo nǹkan, ó tún un tàn.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Kalifóníà ní ìbejì ọkọ̀ náà nílẹ̀. Wọ́n ń lo ìbejì yẹn títí òun náà fi kú ní ọ̀nà kan náà, nígbà náà ni wọ́n rí ìdí rẹ̀. Ojútùú rẹ̀ ti wà nínú VxWorks tẹ́lẹ̀, wọn kò kàn tàn án ni: bí ọba bá ń dúró de mẹ̀kúnnù, kí mẹ̀kúnnù náà dé adé ọba títí yóò fi ṣí àgádágodo, kí ìjòyè má lè tì í. Lui Sha, Ragunathan Rajkumar àti John Lehoczky ti kọ nípa ọ̀nà yìí ní 1990. Láti ilé ayé ni wọ́n ti fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí Mars, kíkú náà sì dáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Àgádágodo Ńlá. Bí wọ́n ti rí i láti 1999 pé ó ń dí ọ̀nà, kí ló dé tó fi di 2011? Ìdáhùn tí mo rí ni pé àgádágodo kékeré máa ń sọ ohun tó ń ṣọ́. Èyí wà fún ìwé Ìyá Bọ́lá, èyí wà fún ìwé Bàbá Sùnmọ́nù. Àgádágodo Ńlá kò ṣọ́ ìwé kankan ní pàtó. Ojú ọ̀nà ló ń ṣọ́. Ẹni tó bá ka kóòdù tó rí i pé wọ́n tì í níbí, tí wọ́n ṣí i lọ́hùn-ún, kò lè mọ ìwé tí wọ́n ń dáàbò bò láàárín méjèèjì. Nígbà mìíràn ìwé mẹ́ta ni, nígbà mìíràn kò sí rárá, ẹnì kan kàn tì í nítorí pé ó bá a bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ sì lè ti kúrò nídìí iṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó tún ní ìwà méjì tí kò jọ ti àgádágodo tó kù. Ẹni tó ti tì í tẹ́lẹ̀ lè tún un tì láìṣí i, kò sí wàhálà. Bí ẹni tó tì í bá sì sùn, àgádágodo náà á ṣí fúnra rẹ̀, bó bá jí, á tún tì. Àwọn ìwà yìí rọrùn fún ẹni tó ń kọ kóòdù, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kóòdù fi gbára lé wọn láìmọ̀. Bí wọ́n bá fi àgádágodo gidi rọ́pò rẹ̀, ẹni tó bá tún un tì ní ìgbà kejì yóò máa dúró de ara rẹ̀ títí ayé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu ú kéré díẹ̀díẹ̀. Ní 2005, wọ́n ṣe ọ̀nà tí ètò tó ń darí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fi lè sọ pé òun ti ní àgádágodo tòun, kí wọ́n má ti Ńlá nítorí òun mọ́. Ní 2006, Ingo Molnar mú ọlọ́dẹ kan wọ inú Linux tí wọ́n ń pè ní lockdep. Ọlọ́dẹ yìí máa ń ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe ń ti àgádágodo tẹ̀ lé ara wọn. Bó bá rí Táíwò tó mú ìkòkò kí ó tó mú àdògán lónìí, tó sì rí Kẹ́hìndé tó mú àdògán kí ó tó mú ìkòkò lọ́la, á pariwo, bí wọn kò tilẹ̀ tíì pàdé ara wọn rí. Mo rò pé láìsí lockdep, kò sí ẹni tí ì bá ní ìgboyà láti fọwọ́ kan Ńlá. Ní 2008, nígbà tí àtúnṣe sí semaphore mú kí Ńlá fa ẹsẹ̀ kọ̀ǹpútà sẹ́yìn nínú ìdánwò kan, Molnar kéde iṣẹ́ àkànṣe láti pa á run. Frederic Weisbecker tú u kúrò nínú reiserfs, ọ̀kan lára àwọn ètò tó ń to fáìlì, iṣẹ́ tó nira nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti gbára lé àwọn ìwà méjì yẹn jù. Arnd Bergmann ló gba àwọn tó ṣẹ́ kù, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2011, pẹ̀lú Linux 2.6.37, èèyàn lè kọ́ kernel tí kò ní Àgádágodo Ńlá nínú rárá. Ní oṣù Karùn-ún, 2.6.39 jáde, ó ti lọ.

Wọn kò fi àgádágodo kéékèèké rọ́pò gbogbo rẹ̀. Ibi kan wà tí wọn kò fi àgádágodo sí fún ẹni tó kàn fẹ́ ka ìwé. Paul McKenney àti Jack Slingwine ló ṣe ọ̀nà náà ní ilé-iṣẹ́ Sequent láàárín ọdún 1990 sí 1999, ó sì wọ Linux ní 2002. RCU ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo tímútébù tó wà lára ògiri kíláàsì. Bí olùkọ́ bá fẹ́ yí i padà, kò ní lé gbogbo wa síta, kí ó máa pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀. Á kọ tuntun síbòmíràn, á fi rọ́pò ti àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ti di ti àtijọ́ mú lọ́wọ́ á kà á tán. Nígbà tí gbogbo àwọn tó ń kà á bá ti gbé e sílẹ̀ ni olùkọ́ tó máa ya á dànù. Ẹni tó ń kà kò dúró de ẹnikẹ́ni, kò sì ní rí tímútébù tó jẹ́ ìdajì àtijọ́, ìdajì tuntun. Nínú gbogbo ohun tí mo kà fún àròkọ yìí, òun ló wú mi lórí jù.

Ṣé ẹ̀bi àwọn ará 1996 ni ọdún 15 yẹn? Mo ti sọ pé n kò dá wọn lẹ́bi fún Àgádágodo Ńlá. Bí mo bá fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ni, tí wọ́n ń tì í tí wọ́n ń ṣí i ní ibi tuntun ní ọdọọdún, láìkọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé nítorí báyìí ni mo ṣe tì í. Iṣẹ́ tó kù fún Bergmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ti òpìtàn ju ti onímọ̀ ẹ̀rọ lọ. Wọ́n ní láti wádìí ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ kóòdù náà ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn.

Yíyọ Ńlá kò sì parí ìjà. Ní oṣù Kẹwàá 2016, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Phil Oester rí i pé ẹnì kan ti wọ sáfà tí òun ń bójú tó. Ó máa ń tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ohun tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé sí i, inú ẹ̀dà yẹn ló ti yọ irinṣẹ́ tí olè náà lò. Irinṣẹ́ náà ń jẹ́ kí iṣẹ́ méjì máa sáré lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ń kọ sínú ìrántí, èkejì ń sọ fún kernel pé kí ó da ìrántí yẹn nù. Bí wọ́n bá sáré pẹ́ tó, ìgbà kan á wà tí kernel yóò kọ ọ̀rọ̀ olè sínú fáìlì tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn. Dirty COW ni wọ́n sọ àlàfo náà. Láti 2007 ló ti wà nínú Linux, ó sì wà nínú àwọn fóònù Android pẹ̀lú. Nínú àkọsílẹ̀ tí Torvalds fi ti àtúnṣe náà lẹ́yìn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti gbìyànjú láti dí irú àlàfo yìí ní ọdún 11 sẹ́yìn, pé òun kò ṣe é dáadáa, àti pé wọ́n ní láti yọ àtúnṣe yẹn nítorí ìṣòro tó dá sílẹ̀ lórí irú kọ̀ǹpútà ńlá IBM kan. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.